Ìyálóde, Jésébélì àti Ọgbà Nábótì: Ojú Tí Fíìmù Wa Fi Ń Wo Obìnrin

Kò sí olùṣọ́-àgùntàn kan ní agbègbè wa yìí, láti Ẹ̀rúnmú dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Lálúpọn dé Àkànrán, tí kò mọ̀ pé fíìmù ń wàásù. Ohun tí ìjọ wò lálẹ́ Sátidé máa ń bá wọn wọ ilé ìsìn láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Àwa tí a wà lórí pẹpẹ náà kò yọ ara wa sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè wọ ìjọ létí, a ó ní, "Ẹ rántí obìnrin inú fíìmù yẹn." Ìjọ á rẹ́rìn-ín, wọn á ṣe àmín, ìwàásù á sì máa lọ. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé: ta ni obìnrin inú fíìmù yẹn? Ta ló yàwòrán rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Kí sì ni àwòrán náà ń ṣe sí obìnrin gidi tó jókòó sórí àga níwájú wa?

Ẹ jẹ́ ká ka àwọn obìnrin tí a máa ń bá pàdé jù nínú eré wa. Ìyá ọkọ tó jẹ́ àjẹ́. Àgàn tí inú rẹ̀ korò. Ọmọge tó kun ètè tó sì gba ọkọ ọlọ́kọ. Obìnrin olówó tí kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, tí ìtìjú sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ní òdìkejì wọn ni aya rere tí wọ́n ń lù, tó ń sunkún, tó ń gbààwẹ̀, tí kò sì fọhùn títí ọkọ fi yípadà. A kò sọ pé kò sí irú wọn láyé. Ohun tí a ń sọ ni pé, bí ó bá jẹ́ àwọn nìkan ni à ń rí, ojú wa á mọ́ wọn débi pé nígbà tí obìnrin kan bá wá bá wa fún àdúrà, àwòrán ni a ó rí, a kò ní rí òun fúnra rẹ̀.

Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ti ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1990, Patricia Hill Collins tẹ ìwé kan jáde lórí ìrònú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún iyì obìnrin. Ó fi hàn níbẹ̀ pé láti ìgbà oko ẹrú ni wọ́n ti ń fi àwòrán bíi mélòó kan de obìnrin dúdú mọ́lẹ̀: ìránṣẹ́bìnrin olóòótọ́ tó fẹ́ràn ọmọ ọ̀gá ju ọmọ tirẹ̀ lọ; ìyá líle tó lé ọkọ sá nílé; ìyá ọ̀lẹ tó ń bímọ láti gba owó ìjọba; àti oníṣekúṣe tí wọ́n ń pè ní Jésébélì. Collins ní iṣẹ́ wà tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Bí ọ̀gá bá fi ipá bá ẹrúbìnrin rẹ̀ lò pọ̀, tí a bá ti pe ẹrú náà ní Jésébélì, ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn ọ̀gá, ó ti di ti ẹrú. Orúkọ inú Bíbélì ni wọ́n fi ṣe aṣọ tí wọ́n fi bo ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Sinimá gba àwòrán wọ̀nyí, ó sì gbé wọn kárí ayé. Ní 1940, Hattie McDaniel di ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar, fún ipa tó kó nínú Gone with the Wind tó jáde ní 1939. Ìránṣẹ́bìnrin ni ipa náà, "Mammy" nìkan ni gbogbo ènìyàn ń pè é, a kò sì gbọ́ orúkọ mìíràn fún un títí fíìmù fi parí. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ, tábìlì tó dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n fi í sí nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ní 1992, bell hooks, ẹni tó máa ń fi lẹ́tà kékeré kọ orúkọ rẹ̀, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin dúdú tó ń wo irú sinimá bẹ́ẹ̀. Ó rán wa létí pé ní ayé ẹrú, wọ́n máa ń jẹ ẹrú níyà nítorí pé ó gbójú sókè wo ọ̀gá. Nítorí náà, fún ẹni tí wọ́n ti kọ̀ fún láti wò, láti wò kí ó sì béèrè ìbéèrè kì í ṣe ohun kékeré.

A mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ. Ẹ ó ní àwọn wọ̀nyí kì í ṣe olùkọ́ ìjọ, pé ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ti mú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ wá tí kò bá Ìwé Mímọ́ mu, kí ló wá kan ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí ìdáhùn. Wúrà Íjíbítì tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kó jáde (Eksodu 12) ni wọ́n fi yá ẹgbọ̀rọ̀ màlúù (Eksodu 32), nínú ìṣúra kan náà ni wọ́n sì ti mú ọrẹ wá fún kíkọ́ àgọ́ (Eksodu 35). Ohun tí a bá fi wúrà ṣe ni a ó fi dá wa lẹ́jọ́. Àwọn ará Bèríà yẹ ọ̀rọ̀ àpọ́sítélì pàápàá wò, a sì yìn wọ́n (Iṣe 17:11); mélòó-mélòó ni ọ̀rọ̀ fíìmù. Kò sì jẹ́ òtítọ́ pé ìta ìjọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Mercy Amba Oduyoye, ọmọ Gánà tó ti kọ́ni ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìsìn ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onímọ̀ ẹ̀sìn ní Áfíríkà sílẹ̀ ní Àkrà ní 1989. Inú ìjọ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ kó irinṣẹ́ Amẹ́ríkà wá síbí bí ẹni gbé ẹ̀wù ẹlẹ́wù wọ̀. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ̀wé ní 1997 pé láàrin àwa Yorùbá, ọjọ́ orí àti ipò àgbà ni a fi ń to ènìyàn láyé àtijọ́ ju akọ àti abo lọ. Èdè wa gan-an jẹ́rìí sí i: "ó" ni à ń pe ọkùnrin, "ó" náà ni à ń pe obìnrin, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fi "ẹ" kí àgbà, ìyà ló fẹ́ jẹ. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà pé ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ pátápátá, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí. Ohun tí a rí mú níbẹ̀ ni pé, kí a má ṣe wá ìránṣẹ́bìnrin Amẹ́ríkà nínú fíìmù Ìbàdàn. Ìbéèrè Collins ni kí a mú: ẹ̀ṣẹ̀ ta ni àwòrán yìí ń bò? Ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè náà lọ bá obìnrin Ìbàdàn tí gbogbo wa mọ̀.

Ní 1966, Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi eré onítàn rẹ̀, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, gba ẹ̀bùn nínú ìdíje Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá. Ìwé náà jáde ní 1970. Ẹgbẹ́ eré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e sórí ìtàgé, wọ́n ṣe é ní pápá ìṣeré ńlá Ìbàdàn níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò, Bánkọ́lé Bello sì darí fíìmù rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Títí di ọdún àìpẹ́ yìí ni wọ́n ṣì ń tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ wa ka ìwé náà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Nínú eré yìí, Ìyálóde Ẹfúnṣetán kò rí ọmọ bí, ó sì pàṣẹ pé ẹrúbìnrin èyíkéyìí tó bá lóyún nínú ilé òun, orí rẹ̀ yóò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Ààrẹ Látòósà àti àwọn ìjòyè dìde sí Ìyálóde, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, òun náà sì gbé májèlé jẹ. Ìlú bọ́ lọ́wọ́ ìkà obìnrin. Ó dára púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí eré. Èdè rẹ̀ dùn, ó sì mú ènìyàn sunkún.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo ìtàn. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run bíi tiwa: Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Ìbàdàn ní àkókò náà gan-an, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Johnson kò fi ìkà Ẹfúnṣetán pamọ́. Ó kọ ọ́ pé ó pa àwọn ẹrúbìnrin tó lóyún. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé obìnrin yìí lówó gidigidi, pé ẹrú tó wà ní àwọn oko rẹ̀ nìkan tó 2,000, pé ó ní àwọn ọmọ-ogun tirẹ̀. Ìtàn sọ pé ó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ náà sì kú níbi ìrọbí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Látòósà dìde sí i, kì í ṣe nítorí Adétutù kankan. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Johnson kọ sílẹ̀: pé Ìyálóde kò bá Ààrẹ lọ sógun; pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun; pé kò jáde wá pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi láti kí i káàbọ̀. Kò sí orúkọ ẹrú kankan nínú ẹ̀sùn náà. Ó san owó ìtanràn tí wọ́n bù lé e, síbẹ̀ Látòósà yọ ọ́ lóyè ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, 1874, ó sì fi igbákejì rẹ̀ joyè. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún náà, ẹrú rẹ̀ méjì gba òkè àjà wọlé, wọ́n sì pa á lójú oorun. Ọmọ tí ó gbà tọ́ ni wọ́n ti fi owó rà. Wọ́n pa àwọn ẹrú náà. Látòósà wà lórí oyè títí ó fi kú lójú ogun Kírìjì ní 1885. Bọ́láńlé Awẹ́, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti kọ̀wé lórí Ìyálóde yìí. Ó fi hàn pé ìjà agbára àti ọrọ̀ láàrin olóyè ogun àti obìnrin tó ń fún wọn ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Nínú ìtàn, wọ́n pa obìnrin náà. Nínú eré, ó pa ara rẹ̀. Nínú ìtàn, Látòósà wá ọ̀nà láti mú alátakò kúrò. Nínú eré, ó di olùgbàlà àwọn ẹrú. A kò dá Ìṣọ̀lá lẹ́bi pé ó pa ìtàn dà. Òǹkọ̀wé eré ni, kì í ṣe akọ̀wé ilé-ẹjọ́. Àwa tó ń gbé fíìmù sórí pẹpẹ bí ẹni pé ìtàn ni, àwa ni ọ̀rọ̀ kàn. Nígbà náà, ìbéèrè Collins padà wá: ẹ̀ṣẹ̀ ta ni àwòrán yìí bò? Àkọ́kọ́, ó bo ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Ààrẹ. Ìkejì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo olóyè ogun Ìbàdàn ló ní ẹrú. Ogun tí Látòósà àti àwọn ìjòyè ń jà ló ń kó ẹrú wọ̀lú. Fíìmù gba ẹ̀ṣẹ̀ odidi ìlú, ó sì gbé e sí inú obìnrin kan tí kò rọ́mọ bí. A wo fíìmù tán, a dìde, a rò pé ìkà obìnrin ni oko ẹrú, pé àìrọ́mọbí ló fà á.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ Ìyálóde di ẹni mímọ́. Bí a bá fẹ́ jẹ́ olóòótọ́ sí ìrònú àwọn obìnrin dúdú yìí, ẹ̀gbẹ́ Adétutù ni a ó kọ́kọ́ dúró, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ olówó. Delores Williams, obìnrin dúdú onímọ̀ ẹ̀sìn ní Amẹ́ríkà, kọ odidi ìwé lórí Hágárì ní 1993 nítorí ìdí yìí. Hágárì jẹ́ ẹrú obìnrin mìíràn. Obìnrin ló ni ín lára, obìnrin ló lé e jáde, baba ìgbàgbọ́ sì ń wò. Òun yìí gan-an ni ẹni àkọ́kọ́ nínú Ìwé Mímọ́ tó fún Ọlọ́run lórúkọ, ó sì pè é ní Ẹni tó rí òun (Genesisi 16:13). Iyì fíìmù Ẹfúnṣetán ni pé ó jẹ́ kí a rí Adétutù, ó fún un ní orúkọ, ó jẹ́ ká gbọ́ ẹkún rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé lẹ́yìn tó ti jẹ́ ká rí i, ó fi ẹkún rẹ̀ dá Látòósà láre.

Èyí ló mú wa dé ọ̀dọ̀ Jésébélì, nítorí orúkọ tí ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń fún Ìyálóde nìyẹn, àti gbogbo obìnrin tó bá jọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìfàmì-òróró-yàn, ẹ lọ ka ibi tí orúkọ yìí ti wà. Ojú kíkùn àti irun ṣíṣe fara hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọjọ́ ikú rẹ̀ (2 Awọn Ọba 9:30), kò sì sí wòlíì kan tó dá a lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni òrìṣà Báálì, pípa àwọn wòlíì, àti ọgbà Nábótì. Nínú 1 Awọn Ọba 21, ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà. Wọ́n fi èdìdì ọba lu ìwé, wọ́n ra ẹlẹ́rìí èké, wọ́n pa onílẹ̀, wọ́n sì lọ jogún ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́run rán Èlíjà, Áhábù ló rán an sí ṣáájú. Ọlọ́run kò gba kí ọba fara pamọ́ sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀.

Ẹ wo àyíká wa. Ní gbogbo ìlú àti abúlé tó yí Ìbàdàn ká, ilẹ̀ oko ti di ilẹ̀ ilé. Ìwé ń yí, èdìdì ń lu ìwé, ẹlẹ́rìí ń jẹ́rìí. Opó tó ń dáko lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ lè jí lọ́jọ́ kan kí ó bá òpó sìmẹ́ńtì nínú ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ẹ̀mí Jésébélì wà níbẹ̀ ju bó ti wà lára ọmọge tó kun ètè lọ. Bí a bá lo ọdún mẹ́wàá láti máa lé ẹ̀mí yìí jáde lára àwọn ọmọbìnrin, tí a kò sì bá agbolẹ̀ kan wí rí, bóyá nítorí pé ó ń san ìdámẹ́wàá dáadáa, a jẹ́ pé a ti fi Jésébélì bo Áhábù mọ́lẹ̀. Ohun tí ọ̀gá oko ẹrú ṣe ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn.

Àwòrán sì máa ń kúrò lójú fíìmù wọ inú ilé. Ní 1999, fíìmù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ End of the Wicked, tó wá láti ọwọ́ ilé ìjọsìn kan ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa, fi ìyá ọkọ hàn bí àjẹ́ tó ń run ilé ọmọ rẹ̀, ó sì fi àwọn ọmọdé hàn nínú ẹgbẹ́ àjẹ́. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọdé sọ pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń mú kí àwọn ènìyàn máa lé ọmọ jáde nílé; ẹni tó ṣe fíìmù náà kò gbà. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé ní 2008, ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ṣe òfin tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ọmọdé ní àjẹ́. Ó burú jáì bí ó bá jẹ́ ìjọba ni yóò kọ́ ìjọ bí a ti ń ṣàánú.

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Nínú Living in Bondage, tó jáde ní 1992, Tina tó ti ṣe aṣẹ́wó rí ló mú Andy, tó fi ìyàwó rẹ̀ ṣètùtù owó, dé ilé Ọlọ́run. Ó sì tún kù sí ẹ̀bá ilé wa. Ọmọ abúlé Adéyípo ní Lágelú ni Báyọ̀ Adébọ̀wálé, ẹni tó kọ The Virgin ní 1985. Túndé Kèlání gbé e ṣe fíìmù ní 2006, ó sì pè é ní The Narrow Path. Ọmọbìnrin abúlé ni Àwẹ̀ró. Ọkùnrin kan tó ti ìlú ńlá wá fi ipá bá a lò pọ̀. Nígbà tí wọn kò bá a nílé lálẹ́ ìgbéyàwó, òun ni ìtìjú bá, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun sílẹ̀ láàrin abúlé méjì. Fíìmù yìí kò bo ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó jẹ́ kí a mọ ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ń fi ìyà rẹ̀ jẹ. Adébọ̀wálé tún kọ Lonely Days, ìtàn Yárẹ̀mí, opó abúlé Kúfì tó kọ̀ láti mú fìlà ọkùnrin èyíkéyìí nígbà tí wọ́n ní kó yan ọkọ mìíràn. Kò burú, kò ya wèrè, kò di àjẹ́. Ó ń pa aró rẹ̀, ó sì ń tọ́jú ilé rẹ̀. Irú obìnrin yìí pọ̀ nínú ìjọ wa ju Ẹfúnṣetán lọ, síbẹ̀ a kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwàásù.

Nítorí náà, a kò sọ pé kí ẹ má wo fíìmù mọ́, tàbí kí ẹ má fi ṣe àpèjúwe. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ tó gbé obìnrin inú fíìmù kan dé orí pẹpẹ, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Ta ló ń sọ ìtàn yìí? Ẹ̀ṣẹ̀ ta ló bò? Ta ló wà níbẹ̀ tí a kò dárúkọ rẹ̀? Bí obìnrin tó jọ ọ́ bá jókòó nínú ìjọ lónìí, àgàn, opó, oníṣòwò ńlá, ìyá ọkọ, ṣé ìhìnrere ni yóò gbọ́ ni, àbí ìdájọ́ tí kò ní ẹ̀sùn?

Èlì jẹ́ àlùfáà, ó sì jókòó síbi tí àlùfáà ń jókòó sí. Ó rí Hánnà, àgàn tí ètè rẹ̀ ń mì tí ohùn rẹ̀ kò jáde. Ó ti rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rí, tàbí ó rò bẹ́ẹ̀, ó sì dá a lẹ́jọ́ pé ọtí ló mu (1 Samueli 1:12-14). Hánnà dá a lóhùn. Kò bú u, ó fi ọ̀wọ̀ pè é ní olúwa rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba àwòrán tí ó yà fún un. Ohun tó gba Èlì là lọ́jọ́ náà ni pé ó gbọ́. Ó mú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kúrò lẹ́nu, ó sì fi ìbùkún rọ́pò rẹ̀. Ìbùkún yẹn ni Hánnà gbé relé, ojú rẹ̀ kò sì rẹ̀wẹ̀sì mọ́.